Ọmọ mi ní géèmù lòun fẹ́ máa ṣe: ẹ bá mi là á yé mi

Ìyá Tọ̀lá, Kàbbà

Ọ̀kun gbogbo ilé o.

Ọmọ mi ọkùnrin, Tọ̀lá, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdìrì ni, ọmọ ọdún 17. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kàbbà níbí. Òun ní géèmù lòun fẹ́. Kì í ṣe gbígbá o, ṣíṣe ló ní òun fẹ́ máa ṣe é. Ó ti kọ nǹkan sínú ìwé kan, ó sì kà á fún mi lálẹ́ àná: ọdẹ kan máa rìn láti Ọ̀wọ́rọ̀ títí dé Ìyàgbà, ó máa gun òkè, ó máa bá eégún jà, ó máa wa ọkọ̀, ìlú 40 ló wà nínú rẹ̀.

Aṣọ ni mo ń tà lọ́jà. Ohun tí mo mọ̀ nípa géèmù kò ju pé ó máa ń jẹ dátà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an, láti orí ìwé títí tó fi ń dé orí fóònù èèyàn? Ta ló ń ṣe kí ni níbẹ̀? Ibo ni wọ́n ti ń tà á? Ṣé ọmọ tó jókòó sí Kàbbà lè ṣe é, àbí àfi kó lọ Èkó? Mo ń béèrè torí pé kó tó ṣàlàyé ìyókù ló ti ní kí n ra láptọ́ọ̀pù 900,000 náírà fún òun.

Ọmọ Ìsánlú

Ọ̀kun mà. Ilé iṣẹ́ géèmù kan l'Ékòó ni mo ti ń kọ kóòdù.

Ẹ má bínú sí ìwé tó kọ yẹn, ibẹ̀ ni gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìtàn lohun tó kọ, kò tíì di géèmù. Géèmù lohun tí ẹni tó mú fóònù dání ń ṣe léraléra tí kò sú u. Ẹ bi í léèrè pé, "Tí mo bá ṣí i báyìí, kí ni àtàǹpàkò mi máa kọ́kọ́ ṣe? Kí ló máa mú kí n tún un ṣe?" Tó bá rí ìdáhùn, kó kọ ọ́ sí ojú ìwé kan péré. Ojú ìwé kan yẹn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Ohun tó kàn ni prototype, ìyẹn géèmù àfidánwò. Wọn kì í ya àwòrán kankan sí i. Ọdẹ á jẹ́ àpótí funfun, eégún á jẹ́ àpótí pupa, òkè á jẹ́ àpótí aláwọ̀ eérú. Tí àpótí bá ń lé àpótí tó sì ń dùn, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Tí kò bá dùn, kò sí àwòrán tó máa gbà á sílẹ̀. Èrò tó ń kú síbẹ̀ pọ̀, ó sì sàn kó kú síbẹ̀, torí owó kò tíì wọ̀ ọ́.

Tí prototype bá yè, wọ́n á ṣe ibì kékeré kan láṣepé, bóyá ìṣẹ́jú 5 nínú géèmù náà, pẹ̀lú àwòrán, ìró, àti bọ́tìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Òun ni wọ́n ń gbé lọ bá olówó. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó gùn jù. Designer ló ń pinnu òfin géèmù: báwo ni ọdẹ ṣe ń yára tó, ọta mélòó ló ní, ìgbà wo ló ń kú. Àwa tí à ń kọ kóòdù ń sọ òfin yẹn di ohun tí ẹ̀rọ gbọ́. Ayàwòrán ń ya, ẹlòmíì ń mú kí àwòrán máa rìn, ẹlòmíì wà nídìí ìró. Producer ló ń ka ọjọ́ àti owó. Òun náà ló ń sọ fún wa pé ohun tí à ń fẹ́ fi kún un kò ní wọ̀ ọ́ mọ́, a kì í sì í fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí gbogbo ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, bó ti wù kó rí játijàti, wọ́n ń pè é ní alpha. Tó bá di beta, a kì í fi nǹkan tuntun kún un mọ́, àṣìṣe là ń pa. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń jáde.

Ní ti ìlú 40 yẹn, géèmù ńlá GTA V tó jáde ní 2013, àwọn tó ṣiṣẹ́ sí i lé ní 1,000. Kó mú ìlú kan. Ìlú kan gan-an pọ̀ jù, kó mú àdúgbò kan.

Ẹ̀gbẹ̀ Boy

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi 1,000 èèyàn dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Eric Barone nìkan ló ṣe géèmù Stardew Valley. Òun ló kọ kóòdù, òun ló ya àwòrán, òun ló kọ orin. Ó jáde ní 2016, ó sì tà káàkiri ayé.

Tísà Mọ̀pà

Ẹ̀gbẹ̀ Boy, parí ìtàn náà. Ó lo ọdún tó lé ní 4 sí i, olólùfẹ́ rẹ̀ ló ń gbọ́ bùkátà ilé, òun alára sì ń lọ júwe àyè ìjókòó fún èrò ní gbọ̀ngàn tíátà kó lè rí owó díẹ̀. Ta ni ẹ fẹ́ kó máa gbọ́ bùkátà Tọ̀lá fún ọdún 4? Ìyá tó ń ta aṣọ?

Ìyá Tọ̀lá, ẹ má ra láptọ́ọ̀pù 900,000 kankan báyìí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ilé ìwé, ohun tí mo sì ń lò ni Godot, ohun èlò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni kì í béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fi í ṣe géèmù tà, kì í sì í wúwo: èyí tí à ń gbé sórí kọ̀ǹpútà kò tó MB 200. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android náà wà. Ojú fóònù kéré fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọrùn á sì máa dun ọmọ, ṣùgbọ́n ó tó láti fi mọ̀ bóyá ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà ní tòótọ́. Tó bá ti fi fóònù ṣe nǹkan kan tó ṣeé gbá, ẹ wá láptọ́ọ̀pù àlòkù tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB fún un. Ìyẹn á gbé e dé ibi tó jìnnà.

Ayò ni kó kọ́kọ́ ṣe. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Òfin ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, kò ní jókòó máa ronú òfin. Àmọ́ á rí gbogbo iṣẹ́ náà níbẹ̀: àtàǹpàkò tó ń mú ihò, ọmọ ayò tó ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ló kàn, ta ló jẹ, àti bí ẹ̀rọ ṣe máa ronú tí kò bá sẹ́ni tó fẹ́ bá a ta.

Bọ̀dé, Lọ́kọ́ja

Ayò? Ẹ wo Play Store, ayò ti kún ibẹ̀. Ta ló máa wa ti Tọ̀lá jáde?

Tísà Mọ̀pà

Mi ò ní kó tà á. Mo ní kó parí rẹ̀. Ẹni tó bá parí ayò mọ ohun tí ẹni tó ní ìlú 40 nínú ìwé kò tíì mọ̀.

Ẹ̀gbẹ̀ Boy

Tísà, èmi ò bá yín jà lórí ayò, àmọ́ Godot yẹn! Tó bá fẹ́ kí wọ́n gbà á síṣẹ́, Unity ni kó kọ́, ohun èlò míì tí wọ́n fi ń ṣe géèmù. Òun ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ géèmù fóònù ń béèrè.

Bọ̀dé, Lọ́kọ́ja

Unity tó ń gba owó lórí gbogbo ẹni tó bá gbé géèmù sórí fóònù rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ o.

Ọmọ Ìsánlú

Bọ̀dé, wọ́n kéde owó yẹn ní September 2023, ariwo sọ, wọ́n sì fagi lé e ní September 2024. Kò sí mọ́. Òótọ́ ni pé àwọn kan bá ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lọ sí Godot tí wọn ò padà. Unreal náà wà. Ọ̀fẹ́ ni títí géèmù á fi pa $1,000,000, kí wọ́n tó máa gba 5 nínú 100, àmọ́ ó máa ń gba GB rẹpẹtẹ, kò sì yẹ ẹni tó ń fi dátà fóònù ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbẹ̀ Boy sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ gbígbà, àmọ́ mi ò gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí ọmọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń ronú kóòdù nínú ọ̀kan kò ní pẹ́ kó mọ èkejì. Nígbà tá a bá ń gba èèyàn síbi iṣẹ́ wa, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ní kí wọ́n fi hàn mí ni géèmù tí wọ́n ti parí, bó ti wù kó kéré mọ. Mi ò bìkítà ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Onírò, Ògìdì

Ẹ ti sọ̀rọ̀ jìnnà, ẹ kàn mẹ́nu ba ìró lásán ni. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ náà ni, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí géèmù máa jáde ni wọ́n máa ń pè mí.

Tọ̀lá, tó o bá ń ka èyí: mú ọpọ́n ayò gidi, pa fèrèsé dé, fi aṣọ tó nípọn bo ara rẹ àti fóònù, kó o wá máa ju ọmọ ayò sínú ihò. Má gba ìró ẹyọ kan péré sílẹ̀. Gba èyí tó bọ́ sínú ihò òfìfo, gba èyí tó bọ́ lé orí ọmọ ayò míì, gba èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ta dànù. Tí ìró kan ṣoṣo bá ń tún ara rẹ̀ ṣe ní gbogbo ìgbà tí ọmọ ayò bá bọ́, ẹni tó ń ta á á pa ohùn fóònù rẹ̀ kó tó ta dé ìdajì. Fi bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà síbẹ̀, kó o jẹ́ kí ẹ̀rọ máa mú èyí tó bá wù ú, kó sì máa yí ohùn rẹ̀ sókè sódò díẹ̀. Ní ti irú fáìlì: ìró kúkurú, WAV. Orin tó gùn, OGG, kó má bàa wúwo.

Má sì lọ mú orin olórin lórí YouTube. Wọ́n á fa géèmù rẹ wálẹ̀.

Ìyá Àṣọtẹ́lẹ̀, Bùnú

Ẹ kú ọgbọ́n o, ẹ̀yin ọmọ wa. Èmi ò mọ kóòdù, eégún ni mo gbọ́.

Ọmọ náà ní ọdẹ máa bá eégún jà. Eégún wo? Èyí tó ń ṣeré lójúde, tọmọdé tàgbà ń wò? Àbí èyí tí obìnrin kì í rí? Aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní ìpò ní Bùnú, ó níbi tó ń jáde àti ẹni tó tọ́ sí. Kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń yà sára ohun tí wọ́n fẹ́ yìnbọn pa. Kó tó yà á, kó lọ jókòó ti àgbà kan nílé ìyá rẹ̀ tàbí nílé bàbá rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ̀ Boy

Mà, géèmù lásán ni o. Àwọn òyìnbó ń fi òrìṣà tiwọn ṣe géèmù, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n.

Ọmọ Ìsánlú

Àbúrò, ohun tí màmá sọ wà nínú iṣẹ́ náà gan-an. Pre-production ni wọ́n ń pe àkókò ìmúrasílẹ̀ kí iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, ìwádìí sì jẹ́ ara rẹ̀. Ẹ wo Kiro'o Games ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù. Wọ́n gbé géèmù Aurion jáde lórí Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní 2016, ayé àti ìtàn Áfíríkà ló sì mú kí èèyàn dá a mọ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù. Tí Tọ̀lá bá lọ béèrè, nǹkan tó máa gbọ́ lè dùn ju ìjà tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ.

Mà, a dúpẹ́.

Ìyá Tọ̀lá, Kàbbà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀. Bàbá Tọ̀lá náà ti ń kà á látẹ̀yìn mi, kò kàn fẹ́ kí n mọ̀ ni. Ìbéèrè tiẹ̀ ni pé, ibo ni ọjà yẹn wà? Ta ló ń san owó?

Bọ̀dé, Lọ́kọ́ja

Play Store ni mà. $25 ni wọ́n ń gbà lọ́dọọdún. Ẹ sì máa wá èèyàn 20 tó máa kọ́kọ́ dán an wò fún ọjọ́ 14. Àwọn kan wà lórí WhatsApp tó ń ta irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹ kàn sanwó.

Ọmọ Ìsánlú

Bọ̀dé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni $25. Ti Apple ló jẹ́ ọdọọdún, $99. Ní ti àwọn tó ń dán an wò, 20 ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di 12 láti December 2024. Òfin náà de ẹni tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ ṣí àkáǹtì lẹ́yìn 13 November 2023. Ọjọ́ 14 yẹn kò gbọ́dọ̀ já. Ẹ má ra èèyàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn kì í gbá géèmù náà rárá, wọ́n á kàn gbé e sórí fóònù ni, Google tó ni Play Store sì máa bi yín ní ìbéèrè nípa ohun tí wọ́n sọ. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ kíláàsì tẹ́lẹ̀, 12 kò ṣòro ní Kàbbà.

Ti kọ̀ǹpútà ni Steam. $100 lórí géèmù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dá a padà tó bá ti pa $1,000. Lẹ́yìn tí ẹ bá san án, ẹ máa dúró fún ọjọ́ 30 kí ẹ tó lè gbé géèmù jáde, ojú ewé rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti wà níta fún ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán. 30 nínú 100 ni wọ́n ń mú nínú ohun tí ẹ bá tà. itch.io, ìkànnì míì tí wọ́n ti ń ta géèmù, kì í gba kọ́bọ̀ kéèyàn tó gbé géèmù síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa sọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n mú. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gbé ayò rẹ̀ sí. Ti PlayStation àti Nintendo yàtọ̀ pátápátá: àwọn tó ni ẹ̀rọ ló máa gba ẹni wọlé, wọ́n á sì yẹ géèmù wò fínnífínní kí wọ́n tó gbà á. Kò tíì kàn án.

Ọmọ Ìyàrà, Abuja

Mo máa bá yín sọ ọ̀rọ̀ owó torí pé gbogbo yín ń yí i ká.

Géèmù fóònù, ọ̀fẹ́ ló pọ̀ jù, ìpolówó ló ń sanwó. Ẹni tó polówó kì í san iye kan náà lórí ẹni tó wo ìpolówó ní Nàìjíríà àti ẹni tó wò ó ní Amẹ́ríkà, tiwa kéré gan-an. Èmi ti gbé géèmù jáde, àwọn èèyàn gbá a, mo sì lè sọ pé owó dátà tí mo fi gbé e sókè ni mo rí gbà. Ohun tó ń bọ́ mi ni pé mo ń fi Blender, ohun èlò àwòrán orí kọ̀ǹpútà, ya ilé, igi àti ohun èlò fún àwọn tó ń ṣe géèmù nílẹ̀ òkèèrè. Ọ̀fẹ́ ni Blender náà. Kí Tọ̀lá mú apá kan nínú iṣẹ́ yìí kó mọ̀ ọ́n dunjú. Ẹni tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ kì í rí ẹni tó máa gbà á síṣẹ́.

Ẹ̀gbẹ̀ Boy

Géèmù Flappy Bird ńkọ́? Dong Nguyen, ẹnì kan ṣoṣo ní Vietnam, ọ̀fẹ́, ìpolówó.

Ọmọ Ìyàrà, Abuja

Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ kúrò ní February 2014, ó ní ayé òun ti dàrú. Mú ẹlòmíì wá.

Tísà Mọ̀pà

Ọmọ Ìyàrà, apá kan tó o ní kó mú yẹn, báwo ló ṣe máa mọ èyí tó bá a lára mu tí kò bá ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀? Ọmọ ọdún 17 ni. Kó ṣe ayò, á rí i fúnra rẹ̀ bóyá ìró ló ń mú un jókòó di òru ni, tàbí àwòrán, tàbí kóòdù.

Ṣọ́ọ̀bù Fóònù, Kàbbà

Mo ń ta fóònù, mo sì ń tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí.

Èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn níbí ni fóònù tí RAM rẹ̀ jẹ́ 2GB tàbí 3GB, tí fọ́tò ìnáwó àti fídíò WhatsApp ti kún inú rẹ̀. Tí àyè bá tán, géèmù ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ, èyí tó tóbi jù ló sì ń lọ ṣáájú. Géèmù tó bá lé ní MB 100 kì í pẹ́ lórí fóònù wọn. Bákan náà, àwọ̀ dúdú àti búlúù tó rẹwà nínú yàrá, tí èèyàn bá dúró síta lọ́sàn-án, kò ní rí nǹkan kan.

Ọmọkùnrin kan gbé géèmù tó ṣe wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nígbà kan. Ó fún oníbàárà kan pé kó gbá a, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: "Tẹ ibí, má tẹ ibẹ̀." Mo ní kó pa ẹnu dé. Tí géèmù yẹn bá wà lórí fóònù ẹni tó wà ní Ìdàh, ṣé ó máa lọ dúró tì í? Ó dákẹ́, a jọ ń wò. Obìnrin yẹn fi àtàǹpàkò òsì bo bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ̀ pé nǹkan kan wà lábẹ́ ọwọ́ òun. Ó ń tẹ àárín fóònù ṣáá. Ó gbé fóònù padà, ó ní kò ṣiṣẹ́. Kóòdù kò ní àṣìṣe kankan o.

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ ò rí i bí. Owó ńlá ni wọ́n ń san fún irú ìdánwò yẹn níbòmíì.

Tọ̀lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ìyá. Èmi ni Tọ̀lá. Fóònù màmá mi ni mo fi ń kọ ọ́, wọ́n mọ̀.

Mo ti gbé Godot sórí fóònù láti ìgbà tí Tísà ti kọ̀wé. Ihò 12 ti wà lójú fóònù, àwọn ọmọ ayò ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ tí wọ́n bá pọ̀ nínú ihò kan, èèyàn ò lè kà wọ́n. Mo fẹ́ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ihò. Bàbá mi ní ayò gidi kì í ní nọ́ńbà, pé ojú ni wọ́n fi ń kà á. Èwo ni kí n tẹ̀ lé? Mi ò sì tíì ju ìlú 40 nù o, ẹ̀yìn ọ̀la ló wà.

Tísà Mọ̀pà

Jẹ́ kí nọ́ńbà máa yọ nìkan tí èèyàn bá fọwọ́ lé ihò náà pẹ́ díẹ̀. Ẹni tó lè fojú kà á, kó fojú kà á.

Ọmọ Ìsánlú

Mo fara mọ́ Tísà. Nǹkan mẹ́ta fún ẹ, Tọ̀lá. Tó o bá dórí kọ̀ǹpútà, kó o tó lè sọ ọ́ di APK, ìyẹn fáìlì tí wọ́n fi ń gbé géèmù sórí fóònù Android, Godot máa béèrè àwọn fáìlì àfikún tirẹ̀, Java àti Android SDK. Wọ́n pọ̀ ní dátà, wá ibi tí Wi-Fi wà. Èkejì, keystore, ìyẹn fáìlì kọ́kọ́rọ́ tó o máa fi buwọ́ lu APK náà, tọ́jú rẹ̀ síbi méjì ó kéré tán, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Tó bá sọ nù, àwọn tó ti gbé APK rẹ sórí fóònù kò ní lè gba àtúnṣe kankan lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, Google kì í gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ṣí àkáǹtì olùṣe, nítorí náà tó o bá fẹ́ gbé e sí Play Store kó o tó pé 18, orúkọ màmá tàbí bàbá ló máa wà níbẹ̀.

Ìyá Tọ̀lá, Kàbbà

Bàbá rẹ̀ ní kí ó jẹ́ orúkọ òun. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣì wà níbẹ̀ o, pé ṣùgbọ́n ọmọ lè máa ṣe méjèèjì pọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Fóònù, Kàbbà

Tọ̀lá, tí APK bá ti wà, gbé e wá lọ́jọ́ ọjà. Mo ní fóònù àlòkù mẹ́rin tó lọ́ra gan-an nílẹ̀ níbí. Wàá jókòó sẹ́yìn káńtà, o ò sì ní sọ̀rọ̀.